"ORÍ MI Ń GBÓNÁ": ÀÀRẸ̀ ÌWÉ TÍ ÒYÌNBÓ SỌ DI ÀRÙN ỌMỌ DÚDÚ

Ẹni tó bá ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tí ìdánwò WAEC bá ń bọ̀ yóò mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ á gbé ìwé sílẹ̀ lálẹ́, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, á ní, "Màámi, orí mi ń gbóná." Á ní ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú agbárí òun, pé òun ń wo ìwé ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kò wọlé. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn ará ilé ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà á ní ṣebí òun ti kìlọ̀ pé kó má kàwé jù, ìwé ló fẹ́ yí i lórí yẹn. Aládùúgbò á ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹlòmíì tí kò lójú àánú á sì ní kí wọ́n yáa máa gbé e lọ sí Yaba Left kó tó wọjà.

Ẹ má fi ṣàwàdà o. "Orí mi ń gbóná" yìí ti wọ ìwé ìṣègùn àgbáyé láti 1960, orúkọ tí wọ́n sì fún un níbẹ̀ ni "brain fag". Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò, l'Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ló ń wá bá a, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń rò: orí ń gbóná, ọrùn ń ro wọ́n, ojú ń ṣú, ìwé tí wọ́n kà kò dúró. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pè é ní "brain fag", ìyẹn ni pé ọpọlọ àwọn ti rẹ̀ tẹnutẹnu.

Títí débẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tí Prince fẹ́ sọ ohun tó ń fà á ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Èrò rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí òyìnbó ń gbà kàwé kò bá ìṣẹ̀dá ọmọ Nàìjíríà mu, àti pé ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni orí ti ń gbaná. Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ tó ń kàwé nínú yàrá tí èèyàn mẹ́fà ń sùn sí, tí ẹ̀gbọ́n àti ìyá ti jẹ gbèsè nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì mọ̀ pé gbogbo agboolé ló ń retí òun, ṣé ìṣẹ̀dá rẹ̀ ló kù tí wọn yóò dá lẹ́bi? Kí wọ́n má baà purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kò kórìíra Yorùbá rárá. Ó wà lára àwọn òyìnbó díẹ̀ tó lọ jókòó ti babaláwo àti oníṣègùn láti mọ bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn ọpọlọ. Afẹ́fẹ́ ìgbà náà ló ń fẹ́ ẹ.

Irú afẹ́fẹ́ wo? Ní 1947, ní àárín Erékùṣù Èkó níbí, hòtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Martins Street kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti London wá, nígbà tí wọ́n rí i pé èèyàn dúdú ni. Ariwo tó tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré. Ní 1953, àjọ ìlera àgbáyé gbé ìwé dókítà kan, J. C. Carothers, jáde lórí ọpọlọ èèyàn Áfíríkà, ọ̀gbẹ́ni yìí sì jẹ́ ẹni tó ti fi aláwọ̀ dúdú tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wé òyìnbó tí wọ́n fi abẹ ge nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́! Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, kò gbà. Ní 1955, ó fi ìwé tako irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀tanú àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Lámbò yìí kan náà padà di igbá-kejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ "brain fag" ti dùn jù kò tíì dé. Dókítà ọpọlọ kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé, tó ń ṣe olùkọ́ yunifásítì ní Kánádà, lọ tú ìwé àtijọ́ wò, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní 2020. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "brain fag" ti wá! Láyé Ọbabìnrin Victoria, kí Prince tó dáyé rárá, òyìnbó funfun ló ń ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, àwọn olùkọ́, àwọn àlùfáà ni wọ́n ń sọ pé ó mú àwọn, wọ́n sì ń polówó oògùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Nígbà tó ń ṣe ọmọ òyìnbó, iṣẹ́ ọpọlọ tó pọ̀ jù ni wọ́n ní ó fà á, wọ́n ní kó sinmi. Nígbà tó ṣe ọmọ dúdú, wọ́n ní ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni. Àìsàn kan náà, orí méjì tó ru ú, àlàyé méjì.

Ní 1994, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń mọ àrùn kọ ọ́ sábẹ́ àwọn àrùn tí àṣà ìlú kan ń fà, wọ́n ní ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni. Ìgbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013 ni wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ nínú àkójọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ayọ̀nrìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn dókítà Nàìjíríà léèrè, tí wọ́n kọ èsì wọn jáde ní 2015, púpọ̀ nínú wọn kò kà á sí àrùn ọ̀tọ̀ mọ́. Àníyàn ni, tàbí ìbànújẹ́ ọkàn, bó ṣe lè ṣe ọmọ London lónìí.

Nígbà tí èyí ń lọ ní Nàìjíríà, ojú àwọn ọmọ dúdú tó wà ní London náà rí màbo. Òfin ẹ̀kọ́ 1944 fàyè gba ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn, àwọn ọmọ Caribbean ni wọ́n sì ń kó síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Olùkọ́ kan láti Grenada, Bernard Coard, ló tú àṣírí náà sínú ìwé ní 1971 (òun ló padà di igbá-kejì olórí ìjọba nílé, tí òṣèlú gbé dé ẹ̀wọ̀n, ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Ó ní ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn ọpọlọ wọn, ọmọ òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, àti pé ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé bá òbí tí kò mọ̀ mọ́, òpònú ni wọ́n ń pè é. Òfin 1981 ló pa orúkọ burúkú yẹn rẹ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ti di àgbà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀wé kà dáadáa.

Padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò sí òyìnbó níbẹ̀ tí yóò fi àwọ̀ ṣèdájọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé tó ń lọ bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ní Òkè Àrín kì í rí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìkòyí ń rí. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ olówó ibẹ̀, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó gbọ́ ọmọ. Ní ti ìjọba, tíṣà kan ló dojú kọ ọmọ rẹpẹtẹ, bí ọmọ bá sì ní orí ń gbóná, ó lè ní ọ̀lẹ ni. Dókítà ọpọlọ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ẹ̀ka ti ọmọdé tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn Yábàá, Òṣòdì ló wà. Ìyá tó bá fẹ́ débẹ̀ láti Ìdúmọ̀tà gbọ́dọ̀ pa ìsọ̀ dé, kó san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, kó sì tún máa wá irọ́ tí yóò pa fún àwọn tó bá bi í pé níbo ló ń gbé ọmọ lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin wèrè tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ayé ìjọba òyìnbó. Tíṣà tí ọmọ bá wá bá pẹ̀lú orí gbígbóná ṣì ní ìbéèrè tí kò ná an ní kọ́bọ̀: ọmọ náà ń sùn dáadáa bí, ṣé ó ti jẹun, ta ló ń halẹ̀ mọ́ ọn, kí ló ṣẹlẹ̀ nílé? Kó sì bi í ní Yorùbá, torí Yorùbá lọmọ náà fi ń sọ pé ó ń dun òun.