Ṣé O Mọ̀? Ìmìtìtì Wo La Ó Fi Dán Ilé Ìsàlẹ̀ Èkó Wò?

Ṣé o mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni àwọn ẹnjiníà ti máa ń mi ilé jìgìjìgì kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀? Ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tí ẹ̀rọ sì gbà sílẹ̀, ni wọ́n ń lò.

Ṣé o mọ̀ pé El Centro, ní California, ni ọ̀kan lára èyí tó gbajúmọ̀ jù ti wá, láti ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, 1940?

Ṣé o mọ̀ pé ẹyọ kan kò tó? Eurocode 8, ìlànà ìkọ́lé ti Yúróòpù, ní ó kéré tán, kó jẹ́ 3. ASCE 7-16 ti Amẹ́ríkà ní 11.

Ṣé o mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Òde mì ní 1984, tí Ìbàdàn náà mì ní 2000? Ìmìtìtì kékeré ni wọ́n. Nàìjíríà kò ní àkọsílẹ̀ ìmìtìtì ńlá tirẹ̀. Yíyá la máa yá. Ibi tí a ó ti yá a ló ṣòro.

Ṣé o mọ̀ pé jíjìnnà nìkan kò gba ilé là? Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, 1985, ìmìtìtì tó wó ọ̀pọ̀ ilé ní Mexico City bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó lé ní 300 kìlómítà sí i. Orí adágún àtijọ́ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Amọ̀ rírọ̀ abẹ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, ó sì ń fẹ ìmìtìtì náà lójú. Ilé alájà 6 sí 15 ló jìyà jù. Ọ̀pọ̀ ilé kúkúrú dúró.

Accra mì ní 1939, ìwọ̀n rẹ̀ tó 6.5. Nǹkan bí 400 kìlómítà ló wà sí Èkó. Ó kéré gan-an sí ti Mexico, n kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àmọ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà: kò ní í jìn kí omi tó yọ. Iyanrìn, amọ̀ àti ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n dí ni.

Ṣé o mọ̀ pé ilé alájà 2 nítòsí Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, a máa lọ, a sì bọ̀, ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí NECOM House alájà 32 ní Marina lè gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta? Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo kò lè bá àwọn méjèèjì mu.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ri ẹ̀rọ kan tó ń gba ìmìtìtì sílẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n gbé ìkejì sórí àpáta Abẹ́òkúta. Ìmìtìtì kékeré kan péré tó bá kan àwọn méjèèjì á fi iye ìgbà tí ilẹ̀ rírọ̀ wa ń sọ ọ́ di ńlá hàn wá.