Òkúta Inú Àpò Òróòro àti Kíndìnrín Lára Ọmọdé Tó Ń Gba Abẹ́rẹ́ Ceftriaxone

Kókó ọ̀rọ̀

• Ceftriaxone jẹ́ oògùn apakòkòrò tí a ń gún lábẹ́rẹ́. Ó ń gba ẹ̀mí ọmọdé là lọ́wọ́ àrùn yírùnyírùn, òtútù àyà tó le àti kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀.
• Lára àwọn ọmọ kan, oògùn náà lè so mọ́ kálísíọ́ọ̀mù, kí ó sì dì bí òkúta nínú àpò òróòro tàbí nínú kíndìnrín.
• Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú òkúta wọ̀nyí kì í fa ìrora, wọ́n sì máa ń yòrò fúnra wọn lẹ́yìn tí oògùn náà bá parí.
• Ọmọ tí kò bá tọ̀ mọ́ nílò ìtọ́jú ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí òkúta náà ṣe ń dì

Nǹkan bí ìdajì oògùn yìí máa ń bá ìtọ̀ jáde, ìyókù a sì gba inú òróòro kọjá. Bí ó bá pọ̀ jù níbẹ̀, tí ó sì pàdé kálísíọ́ọ̀mù, àwọn méjèèjì a lẹ̀ pọ̀ di iyanrìn wẹ́wẹ́ tàbí òkúta. Ewu rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bí ìwọ̀n oògùn bá ga, bí ìtọ́jú bá pẹ́, bí a bá yára ti abẹ́rẹ́ náà sínú iṣan, tàbí bí ọmọ kò bá jẹun tí omi ara rẹ̀ sì ti gbẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gan-an. Àríwá orílẹ̀-èdè náà wà nínú agbègbè àrùn yírùnyírùn tó nà láti Senegal dé Ethiopia. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn náà máa ń gbilẹ̀, nígbà tí ooru ń gbẹ omi ara ọmọ. Ìwọ̀n ceftriaxone tí a fi ń wò ó lè tó mílígíráàmù 100 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

Àwọn àmì tó yẹ kí òbí ṣọ́

Òkúta inú àpò òróòro lè fa inú rírun lápá ọ̀tún lókè, èébì àti àìfẹ́ jẹun. Ti kíndìnrín lè fa ìrora ní ẹ̀gbẹ́, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tàbí kí ìtọ̀ dínkù. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Nítorí náà, kí ìyá máa ka iye ìgbà tí ìlédìí ń tutù lóòjọ́. Bí òkúta bá dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ méjèèjì, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò yẹ kí a fi àgbo dán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò nílé.

Ìtọ́jú

Kí òbí má ṣe dá abẹ́rẹ́ náà dúró fúnra rẹ̀, nítorí àrùn tí a ń tìtorí rẹ̀ gún un lè pa ọmọ. Dókítà ni yóò pinnu bóyá kí a pààrọ̀ oògùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó tó àti oògùn ìrora ti tó, òkúta náà a sì pòórá láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ọ̀nà ìtọ̀ bá dí pátápátá, ó lè di dandan kí a fi iṣẹ́ abẹ ṣí i.

Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde gba àkíyèsí pàtàkì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní òkúta òróòro tòótọ́, tí kì í yòrò. A sì máa ń fún un ní ceftriaxone nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Bí àwòrán inú ara bá fi òkúta hàn nígbà ìtọ́jú tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, kí a tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó gbèrò àtiyọ àpò òróòro. Bí ara ọmọ náà bá ṣàdédé funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá, nítorí oògùn náà lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera

• Ẹ wọn ọmọ kí ẹ tó ṣírò oògùn.
• Bí ó bá jẹ́ inú iṣan ni oògùn náà ń gbà wọlé bí omi, ẹ jẹ́ kí ó gba ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. 60 fún ọmọ tuntun.
• Ẹ má ṣe pò ó mọ́ omi tó ní kálísíọ́ọ̀mù, bí Ringer's lactate. Ọmọ tuntun tí kò tíì ju ọjọ́ 28 lọ, tó ń gba irú omi bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ gba ceftriaxone rárá. Àwọn ọmọ kan ti kú nípa èyí. Kò yẹ ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú pẹ̀lú.
• Ẹ bi òbí léèrè nípa ìtọ̀ ọmọ lójoojúmọ́.
• Ẹ fi ìṣòro tí oògùn bá fà tó àjọ NAFDAC létí.

Ìdènà

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ceftriaxone mọ́ àwọn oògùn apakòkòrò tí lílò wọn gba ìṣọ́ra. Kò wo ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ tí kò nílò ti bọ́ lọ́wọ́ òkúta tí ì bá fà. Ní ti ọmọ tó nílò rẹ̀, kí ó gbà á pé, kí a máa fún un ní ọmú tàbí omi bí dókítà ṣe là á sílẹ̀, kí a sì máa ṣọ́ ìtọ̀ rẹ̀.