Iná Bíréèkì Tàn Kí Ẹ Tó Dé Ìkirè: Kí Ló Wá Sọ?

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tó gba Ìkirè àti Àpòmù kọjá, kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi bíréèkì ṣeré. Táńkà epo ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ èrò sì lè ṣàdédé yà bàrá níwájú nítorí dòdò Ìkirè tí wọ́n ń tà létí títì. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà yìí wà lára ohun tó sún Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sí ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ àjọ FRSC tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988.

Bí ẹ bá wá ń lọ sí ìgbéyàwó ní Àpòmù, tí iná bíréèkì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó wọ Ìkirè, ẹ má ṣe sọ pé, "Ọkọ̀ ṣáà ṣì ń dúró." Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Iná náà ni àgbọ́tẹ́lẹ̀ yín. Ẹ bi í léèrè ohun tó wá sọ.

Àwọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ pupa, ẹ wò bóyá bíréèkì ọwọ́ ṣì wà lókè díẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá tí iná kò kú, ẹ rọra yà kúrò lójú títì, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí ike kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì wà nínú rẹ̀, tí a kọ MAX àti MIN sí lára. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ohun kan wà nínú ike yìí tó ń léfòó. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, òun náà á lọ sílẹ̀, iná á sì tàn. Ìdí nìyí tí iná náà fi lè kọ́kọ́ yọjú nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà tàbí tó ń gun òkè, kí ó sì tún kú: ọ́ìlì tó kù ló ń ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì sábà máa ń gbà dínkù. Èkíní, páàdì ti ń jẹ tán: bí ó ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni ọ́ìlì ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ láti dí àyè náà. Èkejì, ó ń jò níbì kan. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti abẹ́ ọkọ̀ bóyá ó tutù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ra ọ́ìlì, wọ́n á dà á kún un, iná á kú, wọ́n á sì gbàgbé. Omi tí a pọn kún àmù tó ń jò kò dí ihò rẹ̀. Bí bíréèkì bá rọ̀ jọ̀bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tàbí tó wọlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà dé Ìkirè pàápàá. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá yín níbẹ̀.

Bí iná náà bá jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, tí a kọ ABS sí i, bíréèkì fúnra rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì ti dákẹ́. Lójú títì tó tutù, ọkọ̀ lè yọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀gbẹ́ táyà tí ẹrẹ̀ bò, wáyà tó já tàbí fíúsì tó jó lè fà á; oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe ọkọ̀ lè wádìí rẹ̀. Bí pupa àti ìyeyè bá jọ tàn, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé iná bátìrì ló bá ti bíréèkì tàn, pàápàá nínú àwọn Toyota kan, ó lè jẹ́ pé alternator ni kò fún bátìrì níná mọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, a kì í fi òòbẹ̀ rọ́pò àdàn. Irú èyí tí a kọ sára ìdérí ike náà, bíi DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ rà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú, á sì bà á jẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì sì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí bíréèkì bá gbóná gan-an, omi náà á hó, bíréèkì á sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ fi ní kí á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì.

Ṣùgbọ́n iná tí kò tàn rárá ló burú jù. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó sáná sí ọkọ̀, iná bíréèkì àti ti ABS gbọ́dọ̀ tàn fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó kú. Bí ọ̀kan kò bá yọjú, bóyá gílóòbù rẹ̀ ló jó, bóyá sì ni ẹnìkan gé wáyà rẹ̀ kí ọkọ̀ lè tètè tà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ wò kí ẹ tó sanwó.