Wọ́n Lé Ọlọ́jà, Kóòtù Ní Kí Wọ́n Padà

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ owó ata tó wọ́n sílẹ̀ díẹ̀ lónìí, ká sọ̀rọ̀ ìsọ̀ tí a jókòó sí. Bí wọ́n bá ní ká dìde níbẹ̀, ṣé òfin ní nǹkan tó lè ṣe fún wa?

Gbogbo wa la mọ ọ̀dà pupa. Ilẹ̀ á mọ́, a ó dé ọjà, a ó bá àmì lára pákó ìsọ̀ wa, ẹnikẹ́ni ò sì bá wa sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ká tó wádìí ẹni tó kun ún, katapílà ti dé. Ẹni tó bá yára á gbé ọjà rẹ̀ sá. Ẹni tó lọ sìnkú nílé, tirẹ̀ ti bá a nìyẹn. A ó wá máa sọ fún ara wa pé ìjọba ló lágbára, ká gba kámú. Nítorí ọ̀rọ̀ kámú yìí la ṣe fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tójú àwọn ọlọ́jà bíi tiwa rí nílùú Johannesburg, ní South Africa, lọ́dún 2013.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjọba ìlú yẹn ní àwọn fẹ́ gbá ìgboro mọ́. Operation Clean Sweep ni wọ́n pè é. Ọ̀wọ̀ wo ló ń gbá èèyàn! Ọlọ́pàá tú àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n sì kó ọjà ọlọ́jà lọ. Ẹ má rò pé àwọn tí kò níwèé nìkan ni wọ́n lé o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìlú yìí kan náà, tí wọ́n ń san owó àyè tí wọ́n ń lò. Wọ́n ní kí wọ́n wá kí àwọn tún ìwé wọn yẹ̀ wò. Wọ́n lọ, wọ́n tò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí wọ́n padà sáyè wọn.

Oṣù kẹwàá tán, oṣù kọkànlá ń lọ, Kérésì ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oṣù kejìlá jẹ́ fún ẹni tó ń tajà. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà méjì gba lọ́yà, wọ́n forí lé ilé ẹjọ́ gíga pé kó yára dá ìjọba lẹ́kun. Kóòtù yẹn ní ọ̀rọ̀ náà kò kánjú. Kò kánjú kẹ̀! Ẹni tí kò tíì tajà láti oṣù tó kọjá, tí owó ilé ń dúró dè é, tí ọmọ ń béèrè oúnjẹ, ìgbà wo ni tirẹ̀ yóò tó kánjú?

Wọn ò padà sílé. Wọ́n gba kóòtù tó ga jù lórí Òfin Ìpilẹ̀ lọ. Inú Johannesburg yẹn náà ni kóòtù ọ̀hún wà, níbi tí ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà, tí wọ́n ti Mandela mọ́ nígbà kan rí. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kejìlá, 2013, àwọn adájọ́ gbọ́ ẹjọ́, wọ́n sì pàṣẹ lọ́jọ́ náà gan-an pé kí àwọn tó pẹjọ́ padà sídìí àtẹ wọn, kí ìjọba ìlú má dí wọn lọ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Mandela kú.

Nígbà tó di oṣù kẹrin 2014, Adájọ́ Dikgang Moseneke kọ àlàyé ìdájọ́ náà síta. Ó ní kí èèyàn lè ṣiṣẹ́ kó fi bọ́ ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀, ó wà lára iyì ọmọ èèyàn tí òfin ń dáàbò bò. Ìjọba lè fẹ́ tún ìgboro ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ da ẹni tó níwèé pọ̀ mọ́ ẹni tí kò ní, kó wá gbá gbogbo wọn dànù.

Ó dáa, tiwa ńkọ́? Òfin Ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní Orí Kejì, ìpín 17, ní kí ìjọba ṣètò tí gbogbo ọmọ ìlú yóò fi rí ọ̀nà àtijẹ tó tó. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ìpín kẹfà inú ìwé kan náà ní kóòtù ò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí Orí Kejì yìí, àfi níbi tí òfin náà fúnra rẹ̀ bá ti yọ̀ǹda. Bí ẹni gbé oúnjẹ sórí àjà, tó wá gbé àkàbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú òfin 1979 náà.

Ọ̀nà ò tíì dí pátápátá o. Orí Kẹrin ìwé yẹn, kóòtù ń gbọ́ ẹjọ́ lórí rẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni, pé bí ìjọba bá fipá gba dúkìá, kó san owó gbà-máà-bínú. Yàtọ̀ síyẹn, láti 1983 ni Nàìjíríà ti sọ ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ àwọn ará Áfíríkà di òfin nílé, ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa lọ sí kóòtù ECOWAS l'Ábújá, ìjọba ní Orí Kejì ò ṣeé pẹjọ́ lé. Kóòtù náà ní ìwé ti Áfíríkà ni àwọn ń wò. Ìdájọ́ jáde ní 2010.

Èyí tó kan ẹgbẹ́ wa jù ni ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2009 fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè pẹjọ́ nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí ni pé ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ò ní láti dá nìkan dúró níwájú adájọ́.

A ò ní purọ́ fún yín: ẹni tó jókòó sójú títì láìní bébà kankan, ẹjọ́ tirẹ̀ á le. Ìwé àṣẹ àti owó tí wọ́n ń san ló fẹsẹ̀ àwọn ará Johannesburg múlẹ̀. Nínú tiwa, ta ló mọ ibi tí rìsíìtì owó ìsọ̀ ọdún tó kọjá wà? Àwọn mìíràn ti fi pọ́n ẹ̀pà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń gba fọ́tókọ́pì rìsíìtì àti ìwé ìsọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì. Àwọn aláta ló kọ́kọ́ mú tiwọn dé, àwọn ẹlẹ́ja tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀yin aláṣọ, títí tí a fi ń tẹ ìwé yìí, a ò tíì rí ẹyọ kan lọ́wọ́ yín.