Egungun Àgbà Tó Ṣẹ́

Bí ìyá àgbà kan ní Festac tàbí Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìtan rẹ̀ sì ṣẹ́, ẹ má ṣe sọ pé ayé ló ṣe é. Egungun dàbí ògiri: ara ń wó díẹ̀, ó ń mọ díẹ̀. Lọ́jọ́ ogbó, wíwó a máa ju mímọ lọ.

Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ti Ìgbóbì, tí a ń gba Mile 2 àti Òṣòdì dé, bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun.

Oògùn wo ni yóò so egungun náà? Kò tíì sí èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń mú un tètè so. Dókítà a tò ó, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ara ni yóò so ó. Ṣùgbọ́n alendronate ń dín wíwó náà kù, kí egungun mìíràn má baà ṣẹ́. Bí dókítà bá yàn án, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a sábà ń lò ó, láàárọ̀ kí a tó jẹun, pẹ̀lú omi lásán. Kí ẹni tó lò ó má ṣe dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ó má baà bó o ní ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ má ṣe dúró de ìṣubú kejì.