Àtẹ́lẹsẹ̀ Táyà: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Táyà Ńlá àti Ìdánwò Rẹ̀ lórí Òjò Dídì

Nígbà tí awakọ̀ ará Áísílándì bá dé etí Langjökull, òkè omi dídì tí ó tẹ́ rẹrẹ ní àárín ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì yọ atẹ́gùn inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe díẹ̀ ni ó ń yọ. Atẹ́gùn tí ó tó pọ́n-ùn 25 lórí íńṣì kan níbùú-lóròó nígbà tí ó wà lójú títì lè wá ku 3 tàbí 4. Fọkanáísà ìgboro Ìbàdàn tí ó bá rí irú táyà bẹ́ẹ̀ yóò ní ó ti jò, kí olówó rẹ̀ má ṣe gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni awakọ̀ ń ṣe, òótọ́ ni fọkanáísà náà sì ń sọ. Olùtumọ̀ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya òótọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ lè fi ìwé ìtọ́ni pa ènìyàn.

Láàrin ọdún 1980 sí 1990 ni àṣà fífi táyà ńlá sí ọkọ̀ gbilẹ̀ ní Áísílándì. Ní 1990 ni Arctic Trucks bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ní 2007, àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BBC wa Toyota Hilux tí ilé-iṣẹ́ náà tún ṣe, tí táyà rẹ̀ jẹ́ íńṣì 38, lórí òkun dídì dé ibi tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń nà sí ní àríwá ayé ní 1996.

‘Táyà ńlá’ ni ó kọ́kọ́ ń fa ìṣòro. Táyà lè ga, ó sì lè fẹ̀; ‘ńlá’ kò sọ èyí tí ó jẹ́. Bí a bá yọ táyà gíga íńṣì 31, tí a sì fi ti 38 rọ́pò rẹ̀, ikùn ọkọ̀ yóò fi íńṣì mẹ́ta àbọ̀ jìnnà sí ilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí ìdajì àfikún náà ni ó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lórí rẹ̀. Yíyí kan tí ó ń gbé ọkọ̀ rin mítà 2.47 yóò wá máa gbé e rin mítà 3.03. Aago tí ń fi eré hàn kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà: bí ó bá ń ka kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ọkọ̀ ti ń sá 98. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣe bí ẹni tí a dì lẹ́rù, búrékì yóò rọ̀, táyà yóò sì máa họ irin ìbòrí rẹ̀ bí a bá yí sítíárín. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì fi ń gé irin náà, tí ó sì ń pààrọ̀ gíá tí ń yí ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀. ‘Ìpààrọ̀ táyà’ kò lè gbé gbogbo iṣẹ́ yìí; iṣẹ́ ìdajì wákàtí lẹ́bàá ọ̀nà ni ìyẹn. ‘Ìmúbáramu táyà’ ni ó tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n gíga nìkan kọ́ ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì sínú òjò dídì (orúkọ tí Bíbélì Yorùbá fún un nìyí, kò sì sí ìdí tí a óò fi wá òmíràn). Àwọn kan ń pe ohun tí fọkanáísà fi géèjì wọ̀n ní ‘ìwúwo atẹ́gùn’. Àṣìṣe gbáà ni. ‘Ìfúnpá’ ni ó dára jù. Lóòótọ́, ońdè tí a ń so mọ́ apá ni ó ń jẹ́ ìfúnpá látijọ́, àwọn kan sì ń tìtorí èyí kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ońdè ti ń fún apá yíká ni atẹ́gùn ń ti inú táyà yíká. Bí ọkọ̀ bá wọn kílógíráàmù 2,400, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pín in dọ́gba, nǹkan bí pọ́n-ùn 1,320 ni ó kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ìfúnpá 30, íńṣì 44 níbùú-lóròó ni táyà fi ń tẹ ilẹ̀. Pẹ̀lú ìfúnpá 3, ó di 440. Ní ti gidi kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ táyà le, òun náà sì ń gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ìwúwo ọkọ̀ kò dín rárá. Ilẹ̀ tí ó tẹ̀ ni ó fẹ̀ sí i, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ lórí ẹrẹ̀ níbi tí ti adìyẹ ti ń rì. Níwọ̀n bí Yorùbá ti ń pè é ní ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí a pe ibi tí ó fi kan ilẹ̀ ní ‘àtẹ́lẹsẹ̀ táyà’. Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá gba ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá pe ìfúnpá ní ìwúwo ti ba ìṣirò yìí jẹ́ kí ọmọ tó mú gègé.

Ìdánwò rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Awakọ̀ yóò yọ atẹ́gùn díẹ̀, yóò rìn síwájú, yóò sì wo ipa táyà: bí ó bá ń walẹ̀, yóò tún yọ sí i. Ewu rẹ̀ ni pé etí táyà lè bọ́ kúrò lára rímù bí a bá ṣẹ́ kọ́nà lójijì, nítorí atẹ́gùn tí ń tì í mọ́bẹ̀ kò lágbára mọ́. Àwọn kan ń fi irin dè é. Àwọn mìíràn ń da ohun olómi tí ń gbiná sínú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣáná sí i kí ó lè bú padà sáyè rẹ̀, ohun tí kò yẹ kí a kọ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé láìfi ìkìlọ̀ tì í. Èyí tí ó burú jù ni ìpadà sójú títì. Táyà tí ó rọ̀ tí a sì ń fi sáré lórí ọ̀dà yóò máa ṣẹ́, yóò gbóná, yóò sì bẹ́. Nítorí náà, ‘dín ìfúnpá kù’ kò gbọdọ̀ dá dúró nínú ìtumọ̀ kankan. ‘Dá ìfúnpá padà kí o tó bọ́ sójú ọ̀dà’ gbọdọ̀ tẹ̀ lé e lójú ewé kan náà.

Orúkọ ọkọ̀ náà ni kò tíì yanjú. ‘Ọkọ̀ ibi-gbogbo’ kò bófin mu níbi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀: òfin Áísílándì ka ìwakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà léèwọ̀, àfi lórí òkè omi dídì àti lórí ilẹ̀ tí ó ti dì tí òjò dídì sì bò, nítorí ipa táyà máa ń pẹ́ lára ilẹ̀ wọn kí ó tó san. ‘Ọkọ̀ ọ̀nà gbágungbàgun’ bá ọ̀nà oko mu, ṣùgbọ́n ojú Langjökull lè tẹ́jú bí ẹní. Àwọn mẹkáníìkì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Jíìpù ni wọ́n ń pè é.