Ojú-ìwé Alábòójútó nínú Django: Àpẹẹrẹ láti inú Àkọsílẹ̀ Orúkọ Ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ohun tí bébà yìí dá lé ni ojú-ìwé alábòójútó tí Django máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Django jẹ́ irinṣẹ́ tí a fi èdè Python kọ fún ṣíṣe ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni Adrian Holovaty àti Simon Willison ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003; ní 2005 ni a mú un jáde fún gbogbo ayé.

Ká ní a fẹ́ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ìlú bí Erijiyan, Aramọkọ àti Ìjerò. A ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe "Ilu" nínú fáìlì models.py: orúkọ rẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Àṣẹ makemigrations àti migrate ni yóò wá àyè fún un nínú dátábéèsì. Createsuperuser ni a fi ń yan alábòójútó àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, a ó kọ admin.site.register(Ilu) sínú admin.py. Django yóò ka àpèjúwe wa, yóò sì ti inú rẹ̀ ṣe fọ́ọ̀mù àti àtẹ orúkọ.

Ṣùgbọ́n gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni Django fi ń dí àyè tí a bá fi sílẹ̀. "Ilus" ni yóò pe ọ̀pọ̀ ìlú, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í fi àfòmọ́ ìparí ṣe ọ̀pọ̀. verbose_name_plural ni a fi ń sọ ọ́ di "Àwọn ìlú". Bákan náà, bí a kò bá kọ __str__, "Ilu object (1)" ni a ó rí dípò orúkọ Erijiyan.

Ìṣòro kejì wà nínú àkọtọ́. Ọ̀nà tí a lè gbà tẹ "ẹ́" ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi unicodedata.normalize sọ wọ́n di ọ̀kan kí a tó tọ́jú wọn. Ti Erijiyan tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn kan a máa kọ ọ́ ní Erinjiyan. unique=True kò lè mọ̀ pé ìlú kan náà ni; ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlú kan ṣoṣo yóò wọ inú àkọsílẹ̀.

Ní àgbálọgbábọ̀, a dábàá pé kí àpèjúwe ìlú ní àyè fún orúkọ àkọtọ́ mìíràn, kí a sì fi àyè yìí sínú search_fields. Àwọn tí a fọkàn tán nìkan ni a ṣe ojú-ìwé náà fún. Ó tọ́ kí ẹni tí ó mọ ìlú wà lára wọn.